Ọkọ̀ kan, olówó mẹ́wàá: ṣé àwàdà ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe, àbí ìwọ̀sí?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Norwich, ní ilẹ̀ England, fẹ́ ta ìpín rẹ̀ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tó wà lórí omi Norfolk Broads. Àwọn mẹ́wàá ló jọ ni ọkọ̀ náà, kálukú ló ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún. Owó ibẹ̀ kò ju agbára mi lọ, àwọn tí mo fẹ́ bá da owó pọ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ó fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ inú ọkọ̀ náà pé kí n fi mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Háà! Èébú ló kún inú rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lò ó kẹ́yìn, tó rántí ṣẹ́ omi díẹ̀ kù sínú odò fún wa." Òmíràn kọ ọ́ pé, "Ta ló so okùn iwájú yìí? Ṣé ó ń so ọkọ̀ ni àbí ó ń di irun ọmọ rẹ̀?" Wọ́n ti fún èmi náà lórúkọ kí n tó san kọ́bọ̀: "Onítáì" ni wọ́n ń pè mí, torí pé mo wọ táì lọ wo ọkọ̀. Ìyàwó mi tún kà á níbẹ̀ pé wọ́n máa ń ta ọtí sínú odò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá jáde lọ́dún, ó ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni bọ odò. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a kì í bú ẹni tí a jọ dá owó. Ṣé kí n wọlé, àbí kí n wá ibòmíràn gbé owó mi sí?

* * *

Wọlé, àbúrò. Ṣùgbọ́n má tíì sanwó.

Èmi náà ní ìpín nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí odò Bure. Nọ́ọ̀sì ni mí, ata rodo mi kì í sì í tán nínú fíríìjì ọkọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Ìyá Aláta. Ẹ̀yin tó ti fèsì ṣáájú mi pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ní èébú ni èébú ń jẹ́, kí ó sá. Àwọn kan ní bí Òyìnbó ṣe ń ṣeré nìyẹn, kí ó yé kanra. Àwọn tó kù ní kí ó kúkú máa háyà ọkọ̀. Ti àwọn wọ̀nyí ló rọrùn jù láti dáhùn: ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ló máa gun omi, háyà ló yẹ ẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ bá jà.

Ẹ wò ó, àwọn tó jọ ni ọkọ̀ kì í sábàá fojú kan ara wọn. Bí ọ̀sẹ̀ mi bá parí ní Sátidé, mo ti kó ẹrù mi sínú mọ́tò kí ẹni tó kàn tó dé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹni tó ṣáájú mi kò ju èérún búrẹ́dì inú àga, rédíò tó fi sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì, àti ohun tó kọ sínú ìwé. Inú ìwé yẹn la ti ń pàdé. Wàyí o, báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tí o máa rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pé ó gbàgbé fèrèsé sílẹ̀ tí òjò fi rẹ ibùsùn? Bí o bá sọ ọ́ gbẹrẹfu, ọdún kan gbáko ni inú á fi máa bí i kí ẹ tó ríra. Bí o bá gbé e mì, ìwọ ni inú á máa bí. Wọ́n á wá kọ ọ́ pé, "Mo dúpẹ́ fún ìwẹ̀ tí ẹ pọn sílẹ̀ dè mí lórí ibùsùn." Ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó san owó fóòmù.

Ní ti orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣé o gbàgbé ilé ni? Ìyàwó tó bá wọlé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Á wo ìrìn rẹ̀, á wo eyín rẹ̀, á wo bó ṣe ń pọ́n ara rẹ̀ lé, á wá sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀: Eyínafẹ́, Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Òmíràn nínú wọn jẹ́ oríyìn, òmíràn ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ náà á sì dáhùn. Onítáì kò yàtọ̀. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ ní Mísítà Lágbájá títí di ìsinsìnyí ni ẹ̀rù ì bá bà mí.

Kí o tún ìwé yẹn kà. Wá ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀wọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olówó ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí..." Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Bí Òyìnbó odò yìí bá ti ń kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí kò fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà mọ́, wá bí o ṣe máa ta ìpín rẹ.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ pé àwọn ará odò yìí gan-an ni ẹnu wọn kì í sinmi, pé òun ti bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi jókòó níbòmíràn tí wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n wà ló fà á.

Norfolk Broads kì í ṣe odò kan ṣoṣo. Bure, Ant, Thurne, Yare àti Waveney pẹ̀lú àwọn adágún tó so mọ́ wọn ni, ó lé ní máìlì 125 tí ọkọ̀ lè rìn láìsí ilẹ̀kùn omi kankan tí yóò dá a dúró. Eré kò sì sí níbẹ̀. Máìlì 3 sí 6 ní wákàtí kan ni òfin gbà, ó wà lọ́wọ́ ibi tí o bá dé. Àwọn Ìlàjẹ máa fi wá rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi dákú, torí ẹni tó ń rìn létí odò pẹ̀lú ajá rẹ̀ lè kọjá rẹ. Nítorí náà kò sí àṣìṣe tí kò ní ẹlẹ́rìí. Ní Ranworth, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a fi ń wọlé síbi ìgúnlẹ̀, láàárín ọkọ̀ méjì tó ti dúró, afẹ́fẹ́ ń gbá ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó ní ife lọ́wọ́ sì ti yí àga wọn padà láti wò ọ́. Kò sí bí o ṣe máa fi ìgbéraga pamọ́ níbẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ti rí nígbà tó ń fi ọ̀pá ìkọ́ ja afẹ́fẹ́ ní ìjàkadì kò lè bínú bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìtàn ilẹ̀ náà pàápàá wọ inú àwàdà wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti rò pé Ọlọ́run ló dá àwọn adágún wọ̀nyí síbẹ̀, àfi ìgbà tí Joyce Lambert, onímọ̀ nípa ewéko, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 pé kòtò ni wọ́n, pé àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ló gbẹ́ ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ tí wọ́n fi ń dáná, kí omi tó wá bò ó. Nínú ọkọ̀ tiwa, ẹni tó bá lọ fi ìdí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ ni pé, "Ó tún lọ wa ìdáná fún àwọn ará Norwich."

* * *

Mo rí i pé ẹ fẹ́ mọ àwọn àṣà wọn. Ó pọ̀, òmíràn kò sì mọ́gbọ́n wá.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti kẹ́tù. Nínú ọkọ̀ tiwa, ẹni tó bá dé kò gbọdọ̀ tú ẹrù kankan kí kẹ́tù tó hó. Ẹlòmíràn rò pé ìfẹ́ tíì ló fà á. Kí ẹ tó lè se tíì, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí gáàsì, ẹ gbọ́dọ̀ tan pọ́ǹpù omi, pọ́ǹpù kò sì ní ṣiṣẹ́ bí bátìrì bá ti kú. Kí tíì tó délẹ̀, ẹ ti mọ ohun mẹ́ta tó lè ba ọ̀sẹ̀ yín jẹ́, ẹni tí ẹ máa pè láti wá tún un ṣe kò sì tíì lọ sílé. Ọkùnrin tó dá àṣà yìí sílẹ̀, Ọ̀gá Okùn ni wọ́n ń pè é, torí pé kò lè rí okùn tí ẹlòmíràn ká kó má tún un ká. Ó lè ká okùn ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwa.

Ìtanràn wà. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ gbá èbúté, kéèkì ni yóò gbé wá sí ìpàdé ọdọọdún, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àríyànjiyàn ńlá ti ṣẹlẹ̀ lórí èyí: bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá gbá ọ ńkọ́? Àwọn kan ní kò sí kéèkì. Èmi ní bí o bá so ọkọ̀ sí ibi tí kò yẹ, ìwọ náà á po ìyẹ̀fun. Wọ́n gbà pẹ̀lú mi, ẹnì kan péré ni kò gbà, òun ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn.

Ọ̀pá ìkọ́ kan tún wà tó ti tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ìtìjú jù lọ́dún ló ń gbà á níbi ìpàdé, ó sì gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti rí i kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó.

Ti àwọn pẹ́pẹ́yẹ ni wọn kò ní sọ fún ọ, Onítáì, mo sì ń dalẹ̀ wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ní ìdájí, pẹ́pẹ́yẹ á wá máa ṣa ewédò tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ jẹ. Lójú ẹni tó wà lórí ibùsùn, ó dà bíi pé ẹnì kan ń kànlẹ̀kùn kíkankíkan. Gbogbo ọmọ tuntun ló máa ń dìde dáhùn pé, "Ta nìyẹn?" Wọ́n á sì ti máa retí rẹ̀ nínú ìwé.

Ti afárá Potter Heigham wá ni baba gbogbo rẹ̀. Afárá òkúta láti ayé àtijọ́ ni, ihò àárín rẹ̀ tẹ̀, ó sì kéré. Àwọn tó háyà ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wà á kọjá fúnra wọn, atukọ̀ ibẹ̀ ló máa bá wọn wà á. Àwọn tó ni ọkọ̀ tiwọn ló ń wo òṣùwọ̀n tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ odò, tó ń sọ bí àyè abẹ́ afárá ṣe ga tó, tí wọ́n sì ń pinnu. Ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ wa pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọ Onígbàgbọ́ ní ọkọ̀ wa lè kọjá bí omi bá fà dáadáa tí gbogbo èèyàn bá sì kóra jọ sí ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ lè wọ omi díẹ̀ sí i. Àwọn Tómáàsì ní títí àwọn yóò fi rí ibi tí òrùlé ti yọ ní òdìkejì, àwọn kò gbàgbọ́. Tómáàsì ni mí. Ọdọọdún ni wọ́n ń jà á, orin ìsìn pàápàá ni Ìjọ Onígbàgbọ́ fi ń wọlé sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí: àkọsílẹ̀ gidi, tí kò ní ẹ̀rín nínú, wà nínú ìwé àdéhùn wa pé ẹni tó bá ha òrùlé níbẹ̀ ni yóò san gbogbo owó tí inṣọ́ránsì kò bá san. Láti ìgbà tí a ti kọ ọ́, ìgbàgbọ́ ti ń rọlẹ̀.

* * *

Sí ìyàwó Onítáì, àti sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ Bíbélì mẹ́ta kọ lu wá lókè, pé ìbọ̀rìṣà ni ọtí títa sódò.

Ìjọ Áńgílíkà ni mí, bàbá mi sì jẹ́ olùkà ẹ̀kọ́ nínú ìjọ, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ọtí tí wọ́n ń ta sínú odò yẹn, wọ́n ní ti Neptune ni, òrìṣà òkun àwọn ará Róòmù àtijọ́, ẹni tí àwọn atukọ̀ Òyìnbó ń fi ṣeré láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Òun náà ni wọ́n ń tọrọ gáfárà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ yí orúkọ ọkọ̀ padà. Orúkọ ọkọ̀ tiwa burú débi pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ pè é lórí fóònù, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká má dán an wò.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀sìn gidi lórí omi yẹn, kí ó wá sí ahoro St Benet ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ. Ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún àdúrà, ni tẹ́lẹ̀, létí odò Bure. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ti England ń ti àwọn ilé mọ́ńkì pa káàkiri, kò ti ìyẹn pa, Bíṣọ́ọ̀bù Norwich ló fi í fún. Títí di òní, Bíṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni olórí ibẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù lórí odò náà, ló máa ń gbé e wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, yóò sì ṣe ìsìn láàárín ahoro. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ló ń lọ, àwọn kan pẹ̀lú orin, àwọn kan torí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e.

Tíì ni èmi ń ta sílẹ̀ ní tèmi. Mùsùlùmí kan wà nínú wa, omi lásán ló ń dà. Wọn kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn máa kọ ọ́ pé Neptune ti di ẹni tí kì í mutí mọ́ látìgbà tí a ti dé. Bí ìyàwó rẹ kò bá fẹ́ da nǹkankan, kí ó di ọwọ́ mú, kí ó gbàdúrà fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì yẹn nílò rẹ̀.

* * *

Níbí ni mo ti máa bá àwọn tó ní "àwàdà ni, kò sóhun tó le níbẹ̀" jà.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn lórí odò Yare. Ọkùnrin kan nínú wọn kò san owó ọdọọdún rẹ̀. Kàkà kí wọ́n bi í léèrè, wọ́n sọ ọ́ ní Mínísítà Ètò Ìnáwó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ ń fi orúkọ náà buwọ́ lu ìwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún di Gómìnà Báńkì. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì wá kọṣẹ́, tí wọ́n ṣí àpò, owó tó wà níbẹ̀ kò tó ra ìdajì. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ta ọkọ̀ náà ní òkú owó, àwọn tó ti jọ gun omi láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi kò kí ara wọn mọ́.

Ẹ má fi àwàdà gba gbèsè. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, mi ò sì ní yí i padà fún ẹnikẹ́ni: okùn, èérún búrẹ́dì, fèrèsé, bí o ṣe ń wa ọkọ̀, ẹ fi gbogbo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Owó ni kí ẹ kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá wọlé. Bí ọkọ̀ rìn, bí kò rìn, owó ojú omi tí Broads Authority, àjọ tó ń bójú tó àwọn odò yìí, ń gbà yóò jáde lọ́dọọdún. Inṣọ́ránsì á jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò máa wá fún ìwé ẹ̀rí ààbò, ó sì lè ní kí ẹ pààrọ̀ páìpù gáàsì tàbí wáyà. Ẹ gbọ́dọ̀ ní owó kan tí ẹ ń tọ́jú pamọ́ fún ẹ́ńjìnnì nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ra kọ́tíìnì.

Àríyànjiyàn dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń bá ara yín fà láti àná: ẹnì kan ní kí ẹ máa ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ kí ẹ sì pín owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òmíràn ní kí kálukú kún táǹkì kó tó lọ. Lójú mi, kún táǹkì. Wákàtí ẹni tó ń sáré lójú odò tó ń ṣàn bọ̀ wá bá a kọ́ ni wákàtí ẹni tó dúró tó ń fi ẹ́ńjìnnì gbé bátìrì. Èkejì, táǹkì tó ṣófo nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á di omi, omi á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ epo, ìdọ̀tí á hù níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa wúkọ́ nígbà tí ẹ bá tan án ní oṣù kẹrin. Òótọ́ ni ohun tí ẹni tó ń takò mí sọ, pé èrò pọ̀ nídìí pọ́ǹpù ní Sátidé tí kálukú ń pààrọ̀ ọwọ́. Lọ ní ìrọ̀lẹ́ Friday.

Táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní àríyànjiyàn kankan. Ẹni tó kún un ni kí ó san owó fífà rẹ̀ kó tó lọ. Ẹnì kan fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún Ọ̀gá Okùn lọ́dún kan, ohun tí Ọ̀gá Okùn kọ sínú ìwé ni pé, "Mo ti gba ogún tí ẹ pín fún mi. Agbẹjọ́rò mi máa kàn sí yín." Ìwé owó tó san wà nínú ojú ewé kan náà, ó fi píìnì kàn án. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ̀rín lápá kan, rìsíìtì lápá kejì.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ohun kan wà tí a kì í fi ṣeré: ó wà.

Ní Great Yarmouth, níbi tí Bure ti pàdé Yare, òkun ló ń fa omi síwá-sẹ́yìn, kì í ṣe odò jẹ́jẹ́ tí ẹ mọ̀. Ìgbà tí omi bá ti fà tán, tó dúró díẹ̀ kó tó tún yí padà, ni ẹni tó ní làákàyè ń kọjá abẹ́ àwọn afárá ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lo máa bọ́ sí Breydon Water, agbami kan tó fẹ̀. Àárín àwọn òpó pupa àti àwọn òpó aláwọ̀ ewéko ni kí o máa gbà. Bí o bá yà kúrò láàárín wọn, ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, bí omi bá sì ń fà lọ lọ́wọ́, ibẹ̀ lo máa jókòó sí títí yóò fi padà. Gbogbo èèyàn ń wọ ẹ̀wù ìléfòó, gbogbo ẹnu ń dákẹ́, àfi ti ẹni tó ń ka òpó.

Ọ̀rọ̀ gáàsì náà kò gba ẹ̀fẹ̀. Ẹnì kan nínú wa kọ ọ́ nígbà kan pé "ìdáná ń mí èémí dírágónì." Ẹni tó tẹ̀ lé e rò pé ó ń fi oúnjẹ ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́ ni, gáàsì ló ń jò. Láti ọjọ́ náà, ojú ewé pupa wà níwájú ìwé wa: gáàsì, iná, omi tó ń wọlé, aago tó ń ké bí èéfín olóró bá wà nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣókí, déètì, orúkọ gidi. Aago yẹn, láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ti ń béèrè rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sí. Fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí o tó sùn lálẹ́ àkọ́kọ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti London kọ ọ́ pé bí wọ́n bá ti fẹnu kan oúnjẹ wa, ẹ̀yà wa ni wọ́n ń bú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Mo se ẹ̀fọ́ onírú nínú ọkọ̀ nígbà kan. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi kọ ọ́ pé, "Ẹja kan kú nínú ọkọ̀ yìí. A wá a títí, a kò rí òkú rẹ̀. A ti kí àwọn ẹbí." Mo fèsì pé, "Ẹja kankan kò kú. Irú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ra wàràkàṣì tó ti hu ewú aláwọ̀ aró, tí ẹ ní òun ni adùn, ẹ tún lẹ́nu ọ̀rọ̀?" Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo bá wàràkàṣì yẹn nínú fíríìjì, orúkọ mi wà lára rẹ̀. Mo fi ìgò irú gbígbẹ sílẹ̀ fún un, mo lẹ ìwé mọ́ ọn pé fún ìsìnkú. Ó lò ó. Ó ní ó dùn nínú ọbẹ̀ ẹ̀wà.

Ìgbà kan tún wà, àlejò kan tí olówó kan mú wá kọ nǹkan nípa àwọ̀ mi àti orúkọ mi. Mi ò fi àwàdà fèsì. Mo pe ẹni tó mú un wá lórí fóònù, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un láìyọ kínní kan kúrò. Àlejò náà kò tún gun ọkọ̀ yẹn mọ́, ìpàdé sì fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Bí mo ṣe ń mọ ìyàtọ̀ nìyí: ṣé ohun tó lè yí padà ni ó ń sọ, àti ṣé wọ́n gbé bírò náà lé èmi náà lọ́wọ́? Mo lè so okùn dáadáa lọ́la. Mo lè ṣí fèrèsé bí mo bá ń se irú. Àwọ̀ mi kì í ṣe okùn. Bí ẹni tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ bá sì ń fajú ro nígbà tí o bá dá tirẹ̀ padà, ọ̀gá lo ní níbẹ̀, kì í ṣe ẹlẹgbẹ́.

* * *

Onítáì ti padà wá. Ó ní wọ́n pe òun sí ìparí ọ̀sẹ̀ tí gbogbo wọn máa ń kóra jọ láti kun ọkọ̀ kí ó tó wọ omi, pé ṣé kí òun lọ nígbà tí òun kò tíì sanwó. Ó tún béèrè ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí òun gbà, àti bóyá ọmọ ọdún mẹ́ta lè gùn ún.

Lọ, jọ̀ọ́. Ibẹ̀ nìkan ni wàá ti rí gbogbo wọn pa pọ̀. Wo ẹni tó ń ha ìdọ̀tí lábẹ́ ọkọ̀ àti ẹni tó ń pàṣẹ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, èkejì yẹn ni wàá máa bá fa ọ̀rọ̀ owó. Ní kí wọ́n fi ìwé àdéhùn hàn ọ́, àkọsílẹ̀ báńkì, ìwé ẹ̀rí ààbò, àti bí ẹni tó bá fẹ́ jáde ṣe ń jáde. Bí wọ́n bá fi àwàdà yí ìyẹn dànù, wọ mọ́tò rẹ. Kí o sì wọ táì lọ. Wọ́n á mọ̀ pé o lè gbà á mọ́ra.

Ní ti ọ̀sẹ̀, béèrè bóyá ó ń yí kiri lọ́dọọdún kí ẹnì kan má jókòó lé oṣù kẹjọ títí ayé. Bí wọ́n bá ní kí o yàn, gba ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ti wọlé: ààyè wà láti so ọkọ̀, omi kò sì tíì tutù jù. Ọmọ rẹ kò tíì wọ iléèwé, kò ní dí yín lọ́wọ́.

Ọmọ náà lè gùn ún. Ra ẹ̀wù ìléfòó tirẹ̀, má yá ti ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọmọ ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń yàn án, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Èyí tó ní okùn tó ń gba abẹ́ itan kọjá ni kí o rà, torí láìsí i, ẹ̀wù á léfòó, ọmọ á yọ́ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Kó wọ̀ ọ́ kó tó kúrò nínú mọ́tò.